Bí Ẹ Ṣe Lè Lọ Yọ̀ǹda Ara Yín ní Ibùdó Ìtọ́jú Ẹranko Igbó ní Áfíríkà, Kí Ẹ Má Kó Sọ́wọ́ Oníjìbìtì

Kì í pẹ́ kí ẹlòmíì tó tún béèrè lọ́wọ́ mi: "Ẹ̀gbọ́n, mo rí ibì kan ní South Africa tí wọ́n ti ń gbé ọmọ kìnnìún fúnni kéèyàn fún un ní wàrà. Báwo ni mo ṣe lè lọ?" Ìdáhùn mi kì í yí padà. Ẹ lè lọ ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹranko igbó, ṣùgbọ́n ẹ má lọ sí ibẹ̀ yẹn. Ìdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìbéèrè yòókù tí ẹ máa ń bi mí: owó, físà, abẹ́rẹ́, ohun tí ẹ máa dì sí báàgì àti ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ dì síbẹ̀.

Ẹ tẹ̀ lé e bí mo ṣe tò ó. Àwọn tó bá ti sanwó kí wọ́n tó béèrè ọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń padà wá bá mi pẹ̀lú ẹkún.

## Ẹ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tó ń dúró dè yín

Mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní ibùdó àwọn ìnàkí, chimpanzee ni mò ń wí, mi ò sì fọwọ́ kan ẹyọ kan títí mo fi kúrò níbẹ̀. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, a ti wà ní ilé ìdáná ẹranko. Ìbẹ́pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ànàmọ́, kábéèjì: ẹ máa gé e títí àtàǹpàkò yín á fi bó. Ẹ máa wọ̀n ọ́n, ẹ máa pín in sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ orúkọ agbo kọ̀ọ̀kan sí lára.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ìgbẹ́ ló kàn. Wọ́n á ti kó àwọn ẹranko síta, wọ́n á ti ti ilẹ̀kùn àárín, kí ẹ tó wọ ibi tí wọ́n sùn. Ẹ máa kó ìgbẹ́, ẹ máa gbá ilẹ̀, ẹ máa fi omi àti oògùn apakòkòrò fọ̀ ọ́. Ẹ̀wù tí mo fi ṣe é kò ṣeé wọ̀ lọ síbì kankan mọ́.

Ní ọ̀sán, a máa ń ki ẹ̀pà àti oyin sínú ihò ọparun, a ó fi ewé dí i lẹ́nu, kí ìnàkí lè rí nǹkan fọgbọ́n tú dípò kó jókòó máa fa irun ara rẹ̀ tu. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, odidi wákàtí kan ni mo fi dí mẹ́wàá. Abo àgbà kan tú tirẹ̀ kí n tó ka ogún, ó wò mí láti òdì kejì irin, ó sì na àtẹ́lẹwọ́ síta pé kí n mú òmíràn wá.

Tí irú iṣẹ́ yìí bá wù yín, ẹ máa kà á lọ. Tó bá jẹ́ fọ́tò ìdìmọ́ra lẹ fẹ́, ẹ jẹ́ kí owó yín jókòó sí báńkì.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ya ibùdó gidi sọ́tọ̀ kúrò lára oko òwò

Ibí ni mo ti máa pẹ́ jù, torí ibí ni wọ́n ti ń gbá àwọn èèyàn mú.

Nínú igbó, abo kìnnìún máa ń tó nǹkan bí ọdún méjì kó tó tún bímọ, nítorí pé ó ń tọ́ àwọn tó wà nílẹ̀ lọ́wọ́. Ní oko kìnnìún, wọ́n á já ọmọ gbà lọ́wọ́ ìyá láàárín ọjọ́ mélòó kan, kí ìyá lè tètè tún lóyún. Ọmọ tí wọ́n já gbà yìí ni wọ́n ń gbé lé ẹni tó sanwó wá láti ìlú òkèèrè lọ́wọ́, tí wọ́n á ní ọmọ òrukàn ni. Tó bá dàgbà, tí ọwọ́ kò ká a mọ́, wọ́n á tà á fún ọdẹ olówó tó fẹ́ yìnbọn pa á nínú ọgbà tí kò ti ríbi sá sí, tàbí kí wọ́n pa á kí wọ́n ta egungun rẹ̀. Ẹ má gbà bí wọ́n bá ní àwọn máa dá a padà sígbó. Kìnnìún tí èèyàn fi ìgò tọ́ kò bẹ̀rù èèyàn mọ́, ta ló máa tú irú rẹ̀ sílẹ̀ nítòsí abúlé? Ní oṣù Karùn-ún 2021, ìjọba South Africa kéde pé àwọn fẹ́ fòpin sí òwò náà. Ìkéde lásán kò ti oko pa, torí náà ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Èmi náà ti fara gbá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fẹ́ lọ, mo san àsansílẹ̀ fún ibì kan tí fọ́tò wọn dára bí ọjọ́ ọdún. Ẹ̀yìn tí mo sanwó tán ni mo tó béèrè pé tí àwọn ọmọ kìnnìún yìí bá dàgbà, ibo ni wọ́n ń lọ. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ "alábàáṣe" àwọn. Mo ní kí wọ́n dárúkọ rẹ̀. Títí dòní ni mo ń retí ìdáhùn, owó mi náà kò padà.

Ẹ béèrè ìbéèrè yẹn kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́. Ibùdó gidi máa dáhùn láìrojú: ibí ni yóò máa gbé títí yóò fi kú, tàbí igbó báyìí ni a ó dá a padà sí, ètò rẹ̀ nìyí.

Ẹ sá, tí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí:

- Wọ́n gbà kí àlejò gbé ẹranko, kó gùn ún, kó bá kìnnìún rìn kiri, tàbí kó sanwó ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀.
- Ọmọ ẹranko wà níbẹ̀ nígbàkígbà, bí ọjà. Ibi tó ń gba ẹranko là kì í mọ ọjọ́ tí ọmọ òrukàn máa dé.
- Wọ́n ń jẹ́ kí ẹranko bímọ láìsí ètò kankan láti dá àwọn ọmọ padà sígbó.
- Wọn ò béèrè ohunkóhun nípa ìlera yín. Èyí ni mo fi ń dá wọn mọ̀ jù. Ẹni tó ń tọ́jú ìnàkí tí kò bèèrè bóyá ẹ ní ikọ́ ẹ̀gbẹ kò tọ́jú ìnàkí.

Ibi tí ẹ ti lè bẹ̀rẹ̀ ìwádìí: PASA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2000, ni ẹgbẹ́ àwọn ibùdó tó ń tọ́jú ìnàkí, ọ̀bọ àti irú wọn káàkiri Áfíríkà. GFAS, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2007, máa ń yẹ ibùdó ẹranko oríṣiríṣi wò, ó sì ń fún àwọn tó yege ní ìwé ẹ̀rí. Tí ibùdó bá ní òun wà lábẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ẹ lọ wo orúkọ rẹ̀ lójú òpó ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀. Àmì ẹgbẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú òpó tiwọn kì í ṣe ẹ̀rí, fóònù lásán ti tó láti lẹ̀ ẹ́.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mú ẹranko, kí ẹ tó mú ìlú

Díẹ̀ nínú àwọn ibùdó tí orúkọ wọn ti pẹ́:

- Chimfunshi, Zambia. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1983 nígbà tí wọ́n gbé ọmọ ìnàkí kan tó fara pa wá fún tọkọtaya àgbẹ̀ kan, David àti Sheila Siddle. Ìnàkí tó wà níbẹ̀ báyìí ju ọgọ́rùn-ún lọ.
- Ngamba, Uganda. Erékùṣù kan lórí adágún Victoria, kò jìnnà sí Entebbe. Láti 1998 ni ìnàkí ti ń gbé ibẹ̀.
- Lilongwe Wildlife Centre, Malàwì. Ọ̀bọ àti oríṣiríṣi ẹranko mìíràn, nínú olú ìlú gan-an. Ó dára fún ẹni tí àdádó ń bà lẹ́rù.
- Limbe Wildlife Centre, Kamẹrúùnù. Gorilla, ìnàkí, ọ̀bọ, àti odídẹrẹ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó wọn tà.
- Tacugama, Sierra Leone. Ìnàkí ló wà níbẹ̀ láti 1995. Ní 2025 wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ arìnrìn-àjò afẹ́ láti fi ẹ̀hónú hàn lórí igbó tí àwọn èèyàn ń gé lẹ́bàá wọn.

Nítorí irú ọ̀rọ̀ Tacugama yìí, ẹ má fi ohun tí ẹ kà lọ́dún tó kọjá ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ̀wé, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n ń gba olùyọ̀ǹda lásìkò tí ẹ fẹ́ lọ, ọ̀sẹ̀ mélòó ló kéré jù, àti ọjọ́ orí tí wọ́n ń gbà. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò ní rí ibi púpọ̀ gbà á. Ẹni tó sì fẹ́ lo ọjọ́ mẹ́ta péré, kó lọ ṣe àlejò. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n á fi kọ́ yín níṣẹ́.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ túdìí owó

"Ṣé mo máa ṣiṣẹ́ fún wọn, mo tún máa sanwó?" Bẹ́ẹ̀ ni, lọ́pọ̀ ibi. Ẹ máa jẹun, ẹ máa sùn, ẹnì kan máa kọ́ yín níṣẹ́. Owó olùyọ̀ǹda sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń bọ́ ẹranko.

1. Ẹ béèrè pé kí wọ́n tú owó náà palẹ̀: mélòó ni ti oúnjẹ àti ibùsùn, mélòó ló ń lọ fún ẹranko.
2. Tó bá jẹ́ aṣojú ló wà láàárín, ẹ béèrè iye tó ń dé ọwọ́ ibùdó. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé sí ibùdó, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà. Bí ìdáhùn méjèèjì kò bá bára mu, ẹ ti rí ìdáhùn kẹta.
3. Ẹ ṣírò ohun tí owó náà kì í sábà kó mọ́ra: bàálù, físà, abẹ́rẹ́, àyẹ̀wò, adójútòfò, àti owó ọkọ̀ láti pápákọ̀.
4. Ẹ má san án sí àkáǹtì ẹnì kan. Orúkọ ibùdó ló gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀.
5. Ẹ gba ìlànà ìdápadà owó ní kíkọ sílẹ̀.

Adójútòfò tí ẹ máa rà gbọ́dọ̀ gbà pé ẹ máa ṣiṣẹ́ lẹ́bàá ẹranko, kó sì lè gbé yín kúrò lóko lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ọ̀pọ̀ èyí tó rọ̀ lọ́wọ́ kò kó méjèèjì yìí mọ́ra.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ kọ lẹ́tà tí wọn ò ní jù nù

Gbogbo èèyàn ló ń kọ̀wé pé àwọn fẹ́ràn ẹranko láti kékeré. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Wẹ́dà tó lè jó irin àkámọ́ tó já, tàbí oníná tó mọ̀dí wáyà ọgbà, wúlò fún wọn ju èèyàn mẹ́wàá tó ń sunkún tó bá rí ọmọ ọ̀bọ. Nọ́ọ̀sì, káfíńtà, ẹni tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, olùkọ́ tó lè bá àwọn ọmọ iléèwé tó wá ṣe àbẹ̀wò sọ̀rọ̀: ẹ dárúkọ iṣẹ́ yín ní ìlà àkọ́kọ́.

Báyìí ni tèmi ṣe rí, ẹ yí i padà bó bá yín mu:

> "Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe, ó ti di ọdún 7. Mo lè wà lọ́dọ̀ yín láti ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà di ọjọ́ 15 oṣù Keje. Mo ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, màá sì ṣe àyẹ̀wò yòówù tí ẹ bá fẹ́. Mi ò retí pé màá fọwọ́ kan ẹranko."

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ló gba iṣẹ́ fún mi. Ọ̀gá ibẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi lẹ́nu ara rẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 5: Abẹ́rẹ́ àti àyẹ̀wò

Ẹ má rò pé nítorí tiyín nìkan ni. Ìnàkí lè kó àrùn wa, ara tirẹ̀ kò sì mọ̀ ọ́n bí tiwa. Ní 2013, nínú igbó Kibale ní Uganda, kòkòrò tó ń fún àwa ní ọ̀fìnkìn lásán pa ìnàkí 5 nínú 56 tó wà nínú agbo kan. Ọ̀fìnkìn!

Oṣù mẹ́fà ṣáájú: Ẹ bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ mẹ́dọ̀wú B bí ẹ kò bá tíì gbà á, torí mẹ́ta ni, oṣù mẹ́fà ló sì sábà máa ń gbà kó tó parí. Ẹ wo káàdì yín bóyá ti éèyi, tẹ́tánọ́ọ̀sì àti rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ pé.

Oṣù méjì ṣáájú: Ẹ lọ rí dókítà pẹ̀lú ìwé tí ibùdó fi ránṣẹ́. Ẹ béèrè nípa mẹ́dọ̀wú A, yírùnyírùn àti dìgbòlugi. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè bó ṣe gbọ́dọ̀ tuntun tó. Àbájáde àtijọ́ kò wúlò fún wọn.

Ó pẹ́ tán, ọjọ́ 10 ṣáájú: Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Yẹ́lò káàdì kì í ṣiṣẹ́ kí ọjọ́ 10 tó pé, àmọ́ láti 2016 ó ti di ti gbogbo ayé ẹni. Uganda, Sierra Leone àti Kamẹrúùnù ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo àlejò. Zambia àti Malàwì ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ti ìlú tí àrùn náà wà bọ̀.

Kí ẹ tó wọ bàálù: Oògùn ibà. Àwọn kan, ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mefloquine ń fẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Dókítà ló máa yan èyí tó bá yín mu.

Tí ikọ́ tàbí ọ̀fìnkìn bá mú yín níbẹ̀, ẹ sọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Wọ́n á ní kí ẹ lọ ran aṣọ tàbí kí ẹ lọ tún ọgbà ṣe. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 6: Físà

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn gba físà afẹ́, kó wá sọ fún òṣìṣẹ́ ìwọlé pé iṣẹ́ ni òun wá ṣe. Lójú ọ̀pọ̀ ìjọba, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ náà iṣẹ́ ni. Wọ́n lè dá yín padà láti pápákọ̀.

1. Ẹ bi ibùdó: "Irú físà wo ni àwọn tó wá ṣáájú mi gbà?"
2. Ẹ gba lẹ́tà ìpè tó ní orúkọ yín bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà, ọjọ́ tí ẹ máa dé àti ọjọ́ tí ẹ máa padà.
3. Ẹ lọ wo ojú òpó ìjọba orílẹ̀-èdè náà fúnra yín. Ìlànà ń yí: Kenya pa físà tì ní oṣù Kìíní 2024, ó sì fi àṣẹ ìrìnnà orí ayélujára rọ́pò rẹ̀ nígbà náà. Ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS kò nílò físà láti wọ Sierra Leone fún 90 ọjọ́, ṣùgbọ́n ẹ ṣì béèrè nípa àṣẹ iṣẹ́.
4. Ìwé ìrìnnà yín gbọ́dọ̀ ṣì ní oṣù 6 nílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ ìpadà, pẹ̀lú ojú ewé tó ṣófo.

## Ìgbésẹ̀ 7: Báàgì

Ẹ kó o: bàtà òjò, aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ alápá gígùn tí ẹ ò ní sunkún lé, tọ́ọ̀ṣì orí, oògùn ẹ̀fọn, ìbòjú àti ìbọ̀wọ́ bí ibùdó bá ní kí ẹ mú u wá, oògùn yín nínú páálí rẹ̀, dọ́là tuntun tí kò ya. Lápá ìlà-oòrùn Áfíríkà, wọ́n sábà máa ń kọ dọ́là àtijọ́, ní pàtàkì èyí tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú 2009.

Ẹ fi sílẹ̀:

- Aṣọ alámì sójà. Òfin kọ̀ ọ́ fún ará ìlú ní Uganda, Zambia àti Zimbabwe.
- Aṣọ búlúù àti dúdú. Àwọ̀ wọ̀nyí ló ń pe tsetse, eṣinṣin tó ń jẹni.
- Ọ̀rá ìtajà, tí ẹ bá ń gba Kenya, Rwanda tàbí Tanzania kọjá. Wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀. Ní Kenya, owó ìtanràn àti ẹ̀wọ̀n wà nínú òfin rẹ̀.
- Yẹtí, ṣéènì ọrùn, jígí olówó ńlá. Ọ̀bọ kan yọ jígí ojú mi láàárín irin, ó gbé e wọ̀ díẹ̀, ó sì fi eyín fọ́ ọ.

## Nígbà tí ẹ bá débẹ̀

Ẹ gbọ́ràn sí àwọn olùtọ́jú tó jẹ́ ọmọ ìlú náà lẹ́nu. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́wàá bọ́ agbo kan mọ̀ ju ìwé tí ẹ kà lọ, bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò já geere. Ẹ kí wọn, ẹ kọ́ orúkọ wọn kí ẹ tó kọ́ ti ẹranko.

Ẹ má tẹjú mọ́ ọ̀bọ lójú, ẹ má sì yọ eyín rẹ́rìn-ín sí i. Ìjà ló máa kà á sí.

Tí ẹranko bá bù yín jẹ tàbí ó ha yín lára, kódà bó ṣe fífà lásán:

1. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, odidi ìṣẹ́jú 15. Ẹ wo aago.
2. Ẹ sọ fún ọ̀gá lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi í pa mọ́ torí pé ẹ ṣẹ̀ sí òfin.
3. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tó ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tẹ́lẹ̀ ṣì gbọ́dọ̀ gba sí i, ṣùgbọ́n tirẹ̀ rọrùn ju ti ẹni tí kò gbà rárá.

Aṣọ: ẹ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ gbogbo rẹ̀, títí kan ṣòkòtò abẹ́ àti ìbọ̀sẹ̀. Eṣinṣin kan wà tó máa ń yé ẹyin sórí aṣọ tó wà lórí okùn tí kò tíì gbẹ, ẹyin náà á pa, ìdin rẹ̀ á sì wọnú awọ ara. Mo fojú di í. Ìdin méjì ni wọ́n fún jáde níbàdí mi, àwọn olùtọ́jú sì fi mí ṣẹ̀rín fún ọ̀sẹ̀ kan.

Omi: bí adágún Malàwì tàbí Victoria bá tilẹ̀ mọ́ gaara lójú yín, àtọ̀sí ajá, àrùn tí kòkòrò inú omi ń gba awọ ara kó ranni, wà níbẹ̀.

Fọ́tò: ẹ béèrè kí ẹ tó gbé e sórí Facebook. Ní 2021, àwọn onímọ̀ nípa ìnàkí àti ọ̀bọ nínú IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹranko àti igbó, gbé ìtọ́sọ́nà jáde pé kí a má gbé fọ́tò èèyàn tó gbé wọn mọ́ra jáde, bó bá tiẹ̀ jẹ́ olùtọ́jú ni. Ẹni tó rí i á rò pé ó ṣeé fi ṣe ohun ọ̀sìn. Kí ọdẹ tó rí ọmọ ìnàkí kan mú lọ sọ́jà, ìyá rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ pa, nígbà mìíràn pẹ̀lú àwọn tó fẹ́ gbà á sílẹ̀.

## Bí owó tàbí àyè kò bá sí

- Ẹ lọ ṣe àlejò ọjọ́ kan níbi tó bá ṣí. Pandrillus ní Calabar ti ń tọ́jú ọ̀bọ drill láti 1991.
- Ẹ gba ẹranko kan "tọ́" láti ọ̀nà jíjìn: ẹ ó máa fi owó oúnjẹ rẹ̀ ránṣẹ́.
- Ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ yín ràn wọ́n lọ́wọ́ látilé: ìtumọ̀, ojú òpó, ìṣirò owó. Àwọn kan nílò èyí ju ẹni tó máa gé ìbẹ́pẹ lọ.

## Nígbà tí ẹ bá padà

Ẹ má dá oògùn ibà dúró lọ́jọ́ tí ẹ délé. Doxycycline àti mefloquine ń fẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí i, Malarone ń fẹ́ ọjọ́ 7. Ẹ fọ bàtà yín pẹ̀lú oògùn apakòkòrò kí ẹ tó gbé e wọlé. Bí ibà bá gbé yín dè láàárín ọdún kan, gbólóhùn àkọ́kọ́ tí ẹ máa sọ fún dókítà ni orúkọ ìlú tí ẹ lọ, oṣù tí ẹ lọ, àti irú ẹranko tí ẹ bá ṣiṣẹ́.